Ìdánwò Oòrùn Ọ̀gá Làmídì

Ogún ọdún gbáko ni orúkọ ẹnì kan kò fi sí níbi tó yẹ kó wà. Ohun tó mú mi kọ ìtàn yìí nìyẹn. Làmídì ni orúkọ náà. Orí fáìlì kan tí òun fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ló yẹ kó wà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti pa á rẹ́.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro irú iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe ni ẹ máa ka èyí jù. Ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ ni bóyá iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà dára. Ó dára. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe é nínú iléeṣẹ́ kan ṣoṣo ní Ìkòsí, tí wọ́n bá sì ní kí n tún ayé wá, iṣẹ́ yẹn náà ni màá ṣe. Ohun tí mo kábàámọ̀ yàtọ̀. Màá sọ ọ́ tó bá yá, nítorí ẹni tó bá fẹ́ na ìka sí ọmọnìkejì rẹ̀ gbọ́dọ̀ rántí pé ìka mẹ́ta ló kọjú sí òun náà.

Irú iṣẹ́ wo? Inú kọ̀ǹpútà yín, àti inú fóònù tó wà lápò yín, ọpọlọ kan wà níbẹ̀ tó ń ṣe gbogbo ìṣirò. Ọpọlọ yìí lè sáré, ó sì lè rọra rìn. Tó bá ń sáré láti òwúrọ̀ dé alẹ́, yóò gbóná, yóò sì mu bátìrì gbẹ. Tó bá sì ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ nígbà gbogbo, ẹ ó máa bú u. Nítorí náà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ òfin tí yóò máa sọ fún un pé, "Sáré báyìí. Ó tó. Sinmi." Òfin náà ń gbé inú kánẹ̀lì, ìyẹn àárín gbùngbùn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, níbi tí ojú ẹni tó ń lo ẹ̀rọ kì í tó. Dírẹ́bà là ń pe irú kóòdù bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí mo sọ fún ìyá mi pé dírẹ́bà ni mò ń kọ, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ṣé kí o lè wa mọ́tò la ṣe rán ọ lọ sí yunifásítì?"

Bí mo ṣe débi iṣẹ́ kò gùn: mo kọ̀wé, wọ́n pè mí, wọ́n gbà mí. Owó oṣù kò pọ̀, ebi kò sì pa mí. Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tọ́rọ̀ wà.

Kọ̀ǹpútà kékeré ni iléeṣẹ́ wa ń tò pọ̀ fún àwọn gbọ̀ngàn tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣèdánwò lójú ẹ̀rọ. Ọ̀gá Làmídì ló ń bójú tó kánẹ̀lì. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ahunṣọ ni bàbá rẹ̀. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń de bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ títí dé ọrùn, bírò pupa kan kì í sì í kúrò lápò àyà rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Fadékẹ́, kí lo kọ́ ní yunifásítì?"

"Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni, sà."

"Ó dáa. Gbé e síbì kan ná títí di Fúráìdeè. Lọ́la, wọ bàtà tó lè tẹ ẹrẹ̀."

Ọjà Mile 12 ló mú mi lọ. A dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kan tó gbé tòmátì wá láti òkè ọya, ó ní kí n máa wo àwọn aláàárù. Mo wò wọ́n fún nǹkan bíi wákàtí méjì. Oòrùn ń ta mí, mo sì ń bínú, torí n kò mọ ohun tí a wá ṣe níbẹ̀.

"Wo ọkùnrin tó wọ ẹ̀wù elésè àlùkò yẹn," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Ó gbé apẹ̀rẹ̀ kan, ó sáré. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó rìn padà jẹ́jẹ́. Kò sáré nígbà tórí ẹ̀ ṣófo. Kí ló dé?"

"Kó má bàa rẹ̀ ẹ́ ni, sà."

"Ta ló sọ fún un?"

"Ara ẹ̀ ni, sà."

"Ọpọlọ kọ̀ǹpútà ò ní ara tó lè sọ fún un. Àwa ni ara ẹ̀." Ó nawọ́ sí ọkùnrin mìíràn tó ń jẹ ẹ̀wà lórí ìjókòó. "Yóò jẹun tán kó tó tún gbẹ́rù. Tó bá sì ṣe tán, yóò kọ́kọ́ sọ ẹrù kalẹ̀ kó tó jẹ́ kí ebi máa pa òun bọ̀. O rí ẹni tó ń gbé ẹrù ńlá lórí ebi rí?"

"Yóò ṣubú, sà."

"Yóò ṣubú. Agbára iná ni oúnjẹ ọpọlọ, eré ni ẹrù ẹ̀. Tó o bá fẹ́ kó sáré sí i, fún un lóúnjẹ ná, kó tó gbé ẹrù. Tó o bá fẹ́ kó rọra, sọ ẹrù náà kalẹ̀ ná, kó o tó dín oúnjẹ kù. Kò sí ọjọ́ tí a ń yí ètò yẹn padà. Mo ti sọ gbogbo iṣẹ́ náà fún ọ. Ìyókù, ìwé ni."

Ẹ̀yin tí ẹ ti kàwé rẹpẹtẹ, ẹ dákun, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Mo ti ka ìwé tó nípọn bí búlọ́ọ̀kù lórí ọ̀rọ̀ náà, kò sí èyí tó sọ ọ́ dáa tó bẹ́ẹ̀.

Oṣù mẹ́fà ni kò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan kánẹ̀lì. Mítà ló kó lé mi lọ́wọ́, pé kí n máa wọn iná tó ń wọ inú bọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà wà lórí rẹ̀, kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀. Tí mo bá ní, "Mo rò pé," yóò ní, "Kò sí 'mo rò' lójú mítà." Nígbà tó wá gbà kí n kọ kóòdù, yóò ní kí n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí n dìde dúró, kí n máa kà á sókè bí ẹni ń ka ẹ̀kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lórí ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìlà kóòdù kọ̀ọ̀kan, yóò bi mí pé, "Kí lèyí ń ṣe níbí?" Tí n kò bá lè dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, bírò pupa ti kọjá lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo sá lọ sunkún nílé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó kan ilẹ̀kùn. Mo rò pé ó fẹ́ bẹ̀ mí ni. Ó ní, "Fadékẹ́, tó o bá sunkún tán, ẹsẹ kẹtàdínlógún ṣì ń dúró dè ọ́ o."

Inú bí mi nígbà náà. Lónìí, n kò mọ ẹlòmíràn tó ka iṣẹ́ mi sí tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tí kò kà ọ́ sí kì í jókòó gbọ́ igba ẹsẹ kóòdù.

Ṣùgbọ́n ohun tó yà á sọ́tọ̀ láàárín gbogbo ẹni tí mo bá ṣiṣẹ́ ni ìdánwò oòrùn. Ọ́fíìsì wa ní ẹ̀rọ amúlétutù. Gbọ̀ngàn tí a ń tà fún kò ní, tàbí kó ní, kí wọ́n má tàn án. Ọ̀gá Làmídì ní irọ́ ni gbogbo ìdánwò tí a bá ṣe nínú òtútù. Nítorí náà, kóòdù kankan kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ wa àfi tó bá lo wákàtí mẹ́fà lábẹ́ páànù ṣọ́ọ̀bù Alhaja Sìkírátù, oníṣòwò ata rodo ní Mile 12. Páànù yẹn rẹlẹ̀ débi pé ooru rẹ̀ lè yan iṣu. Inú agolo bisikíìtì tí a lu lójú ni bọ́ọ̀dù máa ń wà, a ó fi bátìrì mọ́tò fún un níná, a ó sì fi ìṣirò líle síbẹ̀ láti aago mọ́kànlá títí di aago márùn-ún. Ìwé ńlá kan wà tí a ń kọ ọ́ sí: ẹ̀dà kóòdù, bí oòrùn ṣe rí, ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹni tó jókòó tì í. Lábẹ́ rẹ̀ ni Ọ̀gá yóò buwọ́ lù.

"Àlùfáà Kọ̀ǹpútà!" Bí Alhaja ṣe máa ń kí i nìyẹn. "Ẹ tún ti gbé òkú yín wá sá lóòrùn!"

"Kò tíì kú, Alhaja. Tó bá kú, ẹ̀yin la ó kọ́kọ́ túfọ̀ fún."

"Ẹ má túfọ̀ kankan fún mi o. Kó ṣáà má rùn mọ́ ata mi."

Àwọn ará ọ́fíìsì á fi mí ṣẹ̀sín pé a ń lọ gbàdúrà lọ́jà. Ohun tí Ọ̀gá máa ń sọ fún mi ni pé, "Kóòdù tí kò tíì rí oòrùn, ilé ìwé ló ṣì wà." Ní ọdún mẹ́fà tí mo fi wà lábẹ́ rẹ̀, oòrùn mú àléébù mọ́kànlá tí òtútù kò mú. Mo kà wọ́n.

Ọdún kẹfà yẹn ni aburú dé. Iléeṣẹ́ ra irú ọpọlọ tuntun kan tó máa ń gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀gá kọ dírẹ́bà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, iṣẹ́ tó mọ́ tónítóní, ó ku apá kan ṣoṣo: ohun tí ọpọlọ gbọ́dọ̀ ṣe tí ooru bá kọjá àlà, ìyẹn kó tètè dín eré kù kó má bàa jó. Ó gbé apá yẹn fún mi. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ìyá rẹ̀ kú, ó sì lọ sí Ìsẹ́yìn.

Mo kọ ọ́. Mo rò ó báyìí pé, tí ooru bá ti wà, iná ló ń mú ooru wá, nítorí náà ohun tí màá kọ́kọ́ gé ni iná, lẹ́yìn náà màá dín eré kù. Ẹ ti rí i. Èmi tí wọ́n mú lọ wo aláàárù, mo gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni tí ẹrù ṣì wà lórí rẹ̀.

Tí oòrùn bá mú lọ́jọ́ ìdánwò ni, ẹ̀rọ náà ìbá kú lójú mi, ǹ bá tún un ṣe, ọ̀rọ̀ ìbá sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò àrọ̀kúrò ló rọ̀. Kò pẹ́ tí mo jókòó ni ó bẹ̀rẹ̀, kò sì dá títí di ìrọ̀lẹ́. Agolo náà tutù bí ẹ̀kọ. Alhaja yọjú láti ẹ̀yìn àpò ata, wọ́n ní, "Ọmọ kọ̀ǹpútà, kí lò ń sá lónìí? Òjò?" Mo rẹ́rìn-ín. Máníjà àgbà sì ti sọ pé aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í da kóòdù náà sínú gbogbo ẹ̀rọ. Mo mọ̀ pé tí mo bá kọ "òjò rọ̀", Ọ̀gá kò ní buwọ́ lù ú. Mo ṣí ìwé, mo kọ ọ̀rọ̀ méjì: Oòrùn mú.

Nígbà tí Ọ̀gá dé láti ibi òkú ìyá rẹ̀ ní aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọjọ́ mẹ́ta ló béèrè láti fi ka apá tèmi. Wákàtí kan ni wọ́n fún un. Ó wo ìwé ìdánwò, ó rí i tí mo kọ ọ́ pé oòrùn mú, wákàtí mẹ́fà pé, kò kú. Ìwé yẹn kò purọ́ fún un rí. Ó buwọ́ lù ú.

Lẹ́yìn oṣù kan, lọ́jọ́ Sátidé, nínú gbọ̀ngàn kan lápá Kétu, àwọn ọmọ ń ṣe ìdánwò àṣewọlé. Èmi àti Ọ̀gá wà níbẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kò lè gbé ẹ̀rọ amúlétutù àti kọ̀ǹpútà pọ̀, wọ́n pa amúlétutù. Gbọ̀ngàn kún, fèrèsé tì, oòrùn ń jó lórí páànù. Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè.

"Aunty, tèmi ti dúró."

Mi ò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí ọwọ́ mìíràn fi nà sókè, lẹ́yìn náà mẹ́ta, lẹ́yìn náà odidi ìlà kan. Ojú ẹ̀rọ ń gan lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé ẹnì kan ń rìn láàárín wọn tó ń fẹ́ àbẹ́là pa. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò ku ẹyọ kan. Ìdáhùn àwọn ọmọ náà bá a lọ. Igbe sọ.

Lóde, àwọn òbí ti gbọ́. Bàbá kan di ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì Ọ̀gá mú. "Ọdún kẹta ọmọ mi rèé lórí ìdánwò yìí! Ẹ̀rọ yín ló fẹ́ sọ ọ́ di òpè?" Ọ̀gá kò já ara rẹ̀ gbà. Nígbà tí ọkùnrin náà jọ̀wọ́ rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí yanrìn, níwájú àwọn ènìyàn tó jẹ́ pé àbúrò rẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn, ó ń sọ pé, "Ẹ má bínú. Ẹ̀bi wa ni. Àwọn ọmọ á tún ìdánwò náà ṣe, a ò ní jẹ́ kí wọ́n pàdánù ẹ̀." Wọ́n tún un ṣe lóòótọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n èmi ni mo dúró lórí ẹsẹ̀ mi lọ́jọ́ náà, òun ló wà nílẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, iléeṣẹ́ pe ìpàdé. Mo lè sọ ohun tí wọ́n ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, torí mo wà níbẹ̀. Lẹ́tà tí wọ́n fi máa lé Ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́ ti wà ní títẹ̀ kí wọ́n tó bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Mo rí i lábẹ́ fáìlì máníjà àgbà. "Àìbìkítà" ni wọ́n pe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, nípa ọkùnrin tó ń yẹ iṣẹ́ wò jù wọ́n lọ. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba wákàtí kan tí wọ́n fún un dípò ọjọ́ mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba amúlétutù. Wọn kò sì pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ lórí fáìlì yẹn nìkan, wọ́n pa á rẹ́ lórí gbogbo fáìlì, títí kan àwọn tí ó ti kọ kí èmi tó dé, tí kò láléébù kankan.

Máníjà àgbà bi í pé, "Ta ló ṣe ìdánwò yìí?"

Ọ̀gá ní, "Ìbuwọ́lùwé mi ló wà níbẹ̀."

Kò wo ojú mi. Mo jókòó sí àga kẹta lápá ọ̀tún rẹ̀, mo sì dákẹ́. Mo ti ka ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ẹlòmíràn. Èyí ni tèmi.

Ní ọjọ́ kẹta tó lọ, mo rí ibi tí àléébù wà. Ẹsẹ méjì ni mo pààrọ̀ ipò wọn. Mo kọ sí ìdí àtúnṣe náà pé, "Mo tún ètò tò." Wọ́n yìn mí. Wọ́n gbé mi sórí àga rẹ̀.

Ogún ọdún ni mo fi jókòó síbẹ̀, mo sì rí bí irinṣẹ́ ṣe yí padà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ la fi ń kọ tábìlì eré àti iná, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, kánẹ̀lì fúnra rẹ̀ kọ́ bí yóò ṣe máa wo iye iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kó tó pinnu eré, a kò méfò mọ́. Nísinsìnyí, ọpọlọ tuntun ń pinnu eré ara rẹ̀ nínú ara rẹ̀. Kóòdù wa kàn ń sọ fún un pé má kọjá ibí, má wálẹ̀ ju ibí lọ. Ó wú mi lórí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá tú inú ọpọlọ tuntun yẹn wò, ẹ ó bá aláàárù Mile 12 níbẹ̀: oúnjẹ kí ẹrù tó gun orí, ẹrù sílẹ̀ kí oúnjẹ tó kúrò. Ẹnì kan ló kọ́ ọ.

Mo fẹ̀yìntì. Kò ju oṣù mélòó kan lọ tí fóònù mi fi dún. Ìfẹ́olúwa ni, ọmọbìnrin tó gba ipò mi, ọlọ́pọlọ pípé.

"Ẹ káàsán, mà. A fẹ́ gbé dírẹ́bà àtijọ́ yẹn síta fún gbogbo ayé láti máa lò. A gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́ sórí ẹ̀. Mi ò rí orúkọ kankan. Ta ló kọ ọ́, mà?"

"Ọ̀gá Làmídì ni."

"Mo gbọ́ bẹ́ẹ̀. Agbẹjọ́rò iléeṣẹ́ ní ẹni tí wọ́n lé fún àìbìkítà, a ò lè gbé orúkọ ẹ̀ síta, àfi tí ẹ̀rí bá wà pé kì í ṣe òun ló jẹ̀bi." Mo gbọ́ tó ń tẹ kọ̀ǹpútà. "Mà, mo rí àtúnṣe kan tẹ́ ẹ ṣe lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n lé e. Ẹsẹ méjì péré. Ta ló kọ èyí tẹ́ ẹ tún ṣe yẹn?"

Mo ní, "Màá pè ọ́ padà."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Àwọn àgbà tó pa òwe yẹn kò ṣàsọdùn, wọ́n ka ọdún náà gẹ́lẹ́.

Mo mú ìwé ìdánwò náà, tí mo ti gbé pamọ́ láti ọjọ́ yìí wá, mo lọ sí Ogudu, níbi tí Ọ̀gá ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ó ti darúgbó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, bọ́tìnnì rẹ̀ ṣì dé ọrùn. Mo kúnlẹ̀. N kò jẹ́ kó kí mi tán.

"Ọ̀gá, ọjọ́ tí mo kọ ọ́ pé oòrùn mú, òjò ló rọ̀."

Ó wò mí. "Aago mélòó ló bẹ̀rẹ̀?"

"Sà?"

"Òjò náà."

"Kó tó di aago méjìlá, sà. Ó dá ní nǹkan bí aago mẹ́rin."

"Báwo ni inú agolo ṣe gbóná tó?"

"N kò wọ̀n ọ́n, sà."

"O ò wọ̀n ọ́n." Ó yíjú sí ojúde. "Ogún ọdún, Fadékẹ́. Ogún ọdún ni mo fi rò pé ìdánwò mi ni kò dáa. Mo ní oòrùn wo nǹkan yẹn fún odidi wákàtí mẹ́fà, kò rí i. Níbi tí mo lọ ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn, mi ò gbé nǹkankan sóòrùn mọ́. Mo sọ fún àwọn tí mo kọ́ pé àṣà arúgbó ni."

Mo ti múra sílẹ̀ de ọ̀rọ̀ orúkọ. N kò mọ̀ pé nǹkan mìíràn wà tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Omi bọ́ lójú mi. "Ẹ dárí jì mí, sà."

"Ìyẹn ṣì wà níwájú. Ẹ̀dà tó láléébù yẹn, ó ṣì wà?"

"Ó wà, sà. Bọ́ọ̀dù rẹ̀ náà ṣì wà nínú stọ́ọ̀."

"Gbé e lọ sóòrùn. Mo fẹ́ mọ̀."

Oṣù kẹta ọdún la lọ, nígbà tí ooru Èkó ń bú. Ìfẹ́olúwa gbé bọ́ọ̀dù àtijọ́ náà, èmi gbé bátìrì mọ́tò, Ọ̀gá fi ọ̀pá rìn. Alhaja Sìkírátù ṣì wà lábẹ́ páànù yẹn, ọmọ wọn ló ń ta ata báyìí, àwọn fúnra wọn kàn ń jókòó bí ọba. Wọ́n fi ọwọ́ ṣíji bojú.

"Sùbùhánálláhì! Àlùfáà Kọ̀ǹpútà! Òkú yín láti ọjọ́ yìí, kò tíì jí?"

"Alhaja," ni Ọ̀gá wí, "lónìí, ẹ bá mi ṣàdúà kó kú ni."

Aago mọ́kànlá la tàn án. Ó ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá lọ kírun ọ̀sán, ó padà dé, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìṣirò dúró gbagidi. Ojú ẹ̀rọ gan.

"Ó ti kú!" Alhaja ló kígbe, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. "Ẹ kú orí ire o!"

Ọ̀gá ní ẹ̀ẹ̀kan lè jẹ́ èèṣì. A tún un tàn, ó tún kú. A ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, ó kú. Ìfẹ́olúwa wá fi ẹ̀dà tí mo ti pààrọ̀ ẹsẹ méjì síbẹ̀. Ó gbóná, ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó rọra, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ títí ọjà fi ń palẹ̀ mọ́.

Mo ṣí ìwé. Ọ̀gá na bírò pupa sí mi. "Ìwọ lo kọ ọ́. Ìwọ ni kó o pa á." Mo fa ìlà gba orí "Oòrùn mú" ti ogún ọdún sẹ́yìn, mo kọ "Òjò rọ̀" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti aago tó bẹ̀rẹ̀ àti aago tó dá. Ó ní kí n kọ orúkọ mi ní kíkún. Lójú ìwé tó kàn, òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń wọ́: Oòrùn mú. Ẹ̀dà àtijọ́ kú lẹ́ẹ̀mẹta. Ìdánwò yìí dára. Ó buwọ́ lù ú. Mo buwọ́ lù ú lábẹ́ rẹ̀.

Ojú ìwé méjèèjì yẹn ni agbẹjọ́rò gbà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, orúkọ Làmídì ti wà lórí fáìlì náà, tèmi sì wà nísàlẹ̀, níbi tí a kọ ọ́ sí pé èmi ni mo dá àléébù náà sílẹ̀, èmi ni mo tún un ṣe. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, iléeṣẹ́ kò tíì fi lẹ́tà àforíjì ránṣẹ́ sí i. N kò ní yé béèrè rẹ̀. Òun náà kò sì tíì sọ fún mi pé ó ti dárí jì mí. N kò béèrè ìyẹn mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí a tó kúrò lọ́jà lọ́jọ́ náà. Ìfẹ́olúwa ń tú wáyà, ó ń ṣàlàyé fún Ọ̀gá pé ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n fẹ́ kó lọ sí gbọ̀ngàn kò nílò irú èyí, ọpọlọ rẹ̀ ń darí eré ara rẹ̀.

"Ó gbọ́n, àbí?" ni Ọ̀gá wí.

"Ó gbọ́n gan-an, sà."

"Ó ti rí oòrùn?"

Ìfẹ́olúwa wo ojú mi. Mo wo ilẹ̀.

"Kò tíì rí i, sà."

Ọ̀gá gbé agolo bisikíìtì náà, ó gbọ̀n ọ́n nù, ó sì gbé e fún Alhaja pé kí wọ́n bá òun tọ́jú rẹ̀. "Ilé ìwé ló ṣì wà nígbà náà," ni ó wí. "Gbé e wá lọ́la."